Khamrah àbí Khamrah Qahwa? Ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú yín níbí, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí. Owó ìgò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, ìgò méjì ló sì ń wù mí: Khamrah àti Khamrah Qahwa, ti Lattafa, àwọn ará Emirates.

Ara ọ̀gá mi obìnrin níbi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Khamrah. Qahwa ní tiẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fín in wá sílé lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo wa sì ń béèrè pé ta ló ń din nǹkan nílé ìdáná. Lójú tèmi, ìbejì ni wọ́n. Ìgò wọn jọra, orúkọ wọn jọra, tó bá sì ti tó ogún ìṣẹ́jú, mi ò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé mọ́. Mo lọ sí Balógun lọ́jọ́ Sátidé kí n lè fi wọ́n wéra. Ọmọkùnrin tó ń tà á fín ọ̀kan sórí bébà, ó fín èkejì, ó tún fín mẹ́rin mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ẹja yíyan tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà pàápàá, òórùn súgà ni mò ń gbọ́ lára ẹ̀.

Ojúẹlẹ́gba ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dánfó láàárọ̀, AC títí di aago márùn-ún, dánfó lálẹ́. Ìgbéyàwó àbúrò mi sì ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n ra méjèèjì.

Délé Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ ra méjèèjì.

Délé Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń yún mi lẹ́nu. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó.

Khamrah ló kọ́kọ́ jáde, ní 2022. Sínámọ́nì ló máa ń yọjú lákọ̀ọ́kọ́, dàbínù á tẹ̀ lé e, fàníla, ẹ̀wà tóńkà (kóró èso kan tí òórùn rẹ̀ jọ ti fàníla) àti òjíá á wá jókòó sísàlẹ̀. Dàbínù yẹn ni èso inú rẹ̀. Kì í ṣe èso olómi bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ọsàn o. Èso gbígbẹ ni, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oyin. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwo dàbínù nígbà àwẹ̀, tó ń retí kí wọ́n pe ìrun kó lè ṣínu, ẹni yẹn ti mọ ìdajì Khamrah.

Qahwa jáde ní 2023. Wọn ò yọ sínámọ́nì, wọ́n fi ata ilẹ̀ àti kádámọ́mù tì í lẹ́yìn, wọ́n fi èso tí wọ́n sè nínú súgà rọ́pò dàbínù, wọ́n wá da kọfí lé gbogbo ẹ̀ lórí. Ẹ rántí sóbò tí wọ́n fi ata ilẹ̀ àti kánáfùrù sè dáadáa. Bó ṣe máa ń ta yín lọ́nà ọ̀fun kí adùn tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni Qahwa ṣe ń ta imú tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in. Khamrah kì í ta. Adùn ló fi ń kíni, adùn náà ló fi ń dágbére.

Qahwa ni tèmi. Àgbàlagbà ọkùnrin ni mí, mi ò lè máa ṣe òórùn kéèkì kiri Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Àdùkẹ́ ọmọ mi, èmi tí mo bí ìbejì ni kí o bi. Nígbà tí tèmi wà lọ́mọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti sùn, bàbá wọn ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mú iná lọ, kí ooru mú wọn! Ọ̀kan á figbe ta, èkejì á kàn máa wo àjà. Bí lọ́fíńdà méjì yìí ṣe rí nìyẹn. O ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lórí bébà. Bébà kì í làágùn, kì í wọ dánfó.

Wá ẹni tó ń dà á tà nínú ìgò kékeré, 5 ml ti ọ̀kan, 5 ml ti èkejì. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ dán an wò, wẹ̀, fi ìpara tí kò lóòórùn para, torí awọ tó bá ti gbẹ kì í mú lọ́fíńdà dúró. Fín ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, fín èkejì sí ọ̀tún. Má fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn o, wàá da ìbejì pọ̀. Kó o wá máa bá ìrìn rẹ lọ. Gbọ́ wọn ní Ojúẹlẹ́gba, gbọ́ wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gbọ́ wọn nínú AC, gbọ́ wọn tí o bá padà délé tí o bọ́ bàtà. Má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí o sì má tún jẹ́ kí ọmọkùnrin kankan fín mẹ́fà fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti kọjá mẹ́ta, imú ti kú.

Káyọ̀ Yaba
Òótọ́ ni Màmá sọ. Kẹ́mísírì ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọtí ló pọ̀ jù nínú ìgò lọ́fíńdà. Tẹ́ ẹ bá fín in, ọtí yẹn á fò lọ ní kíá, àwọn èròjà tó fúyẹ́ á sì tẹ̀ lé e: omi èèpo ọsàn, kádámọ́mù, ata ilẹ̀. Àwọn tó wúwo bíi fàníla, tóńkà àti oje igi ló máa ń gbẹ̀yìn, wọ́n sì lè wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá wò ó: ibi tí Khamrah àti Qahwa ti yàtọ̀ síra jù ni òkè, ìyẹn àwọn tó ń kọ́kọ́ fò lọ, ibi tí wọ́n ti jọra jù ni ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń gbẹ̀yìn. Imú Àǹtí Àdùkẹ́ ò ṣìnà. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó ti ń di ohun kan náà lóòótọ́, àfi kọfí tó máa ń rọ̀ mọ́ Qahwa lára títí.

Ooru Èkó wá ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ó máa ń lé gbogbo èròjà jáde lára kíákíá. Ohun tí ì bá gba wákàtí kan nínú yàrá tútù lè ti lọ kí mọ́tò yín tó dé Costain. Adùn tó kù á sì fẹ̀, á gba gbogbo ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn dánfó.

Fún ẹni tó ń ro ti owó: ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá tẹ ìgò, nǹkan bíi 0.1 ml ló ń jáde. Ìgò 100 ml á tó nǹkan bí 1,000 ìtẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 250 nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ máa bá gbé fún oṣù mẹ́jọ, ṣé bébà lẹ máa fi mọ ìwà ẹ̀? Ìgò 5 ml á fún yín ní nǹkan bí 50 ìtẹ̀. Ó tó fi ṣe àfẹ́sọ́nà.

Rónkẹ́ Marina
Àdùkẹ́, èmi náà ń ṣiṣẹ́ lágbègbè yẹn, nínú ilé gíga kan tí fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí. Mo fín Khamrah lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, torí pé mi ò gbọ́ ọ lára mi mọ́ kí n tó jáde nílé. Mi ò mọ̀ pé imú mi ló ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ẹni tó jókòó tì mí ní orí ń fọ́ òun, ẹnìkan láti yàrá kejì wá béèrè ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ọ̀gá wa ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé àga ẹ̀ sún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré, àyà, lábẹ́ aṣọ. Ó parí. Bó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì nìkan, Qahwa ni kí o rà, torí ọ́fíìsì wo ni kò ní òórùn kọfí tẹ́lẹ̀? Wọ́n á rò pé ẹnìkan ń po tiẹ̀ ni.

Mùsá Agége
Èmi ò wá yan èyíkéyìí, mo kàn fẹ́ fi orúkọ wọn rẹ́rìn-ín ni. Ní èdè Lárúbáwá, ọtí ni "khamr". "Qahwa" ni wọ́n ń pe kọfí lónìí, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, kí kọfí tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, ọtí wáìnì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Táyé ọtí, Kẹ́hìndé ọtí. Ẹ máa wá sọ fún màmá yín pé lọ́fíńdà Lárúbáwá lẹ rà, wọ́n á ní ẹ káre. (Orúkọ kì í sábà bá nǹkan mu náà ṣá. "Lọ́fíńdà" tí à ń pè, ọ̀dọ̀ òdòdó lavender ló ti wá. Mélòó nínú wa ló ti rí òdòdó ọ̀hún rí?)

Ní ti bóyá èèyàn lè fín ohun tó ní ọtí nínú lọ kírun, ohùn àwọn onímọ̀ ò ṣọ̀kan. Òróró lèmi ń lò ní tèmi, irú èyí tí wọ́n ń gbé kiri níwájú mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kì í rìn jìnnà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ láti kí ọ ló máa gbọ́ ọ.

Túndé Ìkòyí
Àfarawé ni méjèèjì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Angels' Share, ti Kilian, tó jáde ní 2020, ni gbogbo ayé ń fi Khamrah wé. Kilian Hennessy tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ọmọ ìdílé àwọn tó ń ṣe Hennessy ni. Ọtí tó máa ń fẹ́ lọ lójú afẹ́fẹ́ látinú àgbá tí wọ́n fi igi óákù ṣe, nígbà tí ọtí bá ń gbó, ni wọ́n ń pè ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ìdí nìyẹn tí òórùn igi, sínámọ́nì àti ọtí fi pàdé nínú ẹ̀. Ẹ fowó pamọ́, kẹ́ ẹ ra bàbá wọn.

Rónkẹ́ Marina
Bọ̀dá Túndé, ẹni tó ń wọ dánfó ló béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn áńgẹ́lì ti gba ìpín tiwọn, lándílọ́ọ̀dù ló kù tí ò tíì gba tiẹ̀.

Délé Ìsàlẹ̀ Èkó
😂😂 Ẹ dákun, ẹ má pa mí.

Sìkírá Ìdúmọ̀tà
Mo ń ta lọ́fíńdà. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n má bàa ní mo wá polówó ọjà. Ẹ ti ń jà lórí Táyé àti Kẹ́hìndé láti àárọ̀, ẹnìkan ò tíì béèrè bóyá ọmọ bíbí inú Lattafa ni èyí tí wọ́n máa tà fún un.

Ìgò ojúlówó wúwo lọ́wọ́. Wọ́n gé gíláàsì ẹ̀ létí létí bí ìgò ọtí àwọn olówó, kò ní etí tó ń gé ọwọ́, ìdérí ẹ̀ kì í sì mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń tú jáde bí ìkùukùu, kì í já bọ́ ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí páálí àti èyí tó wà lábẹ́ ìgò gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan sùn, torí ẹni tó lè tẹ páálí jáde lè tẹ nọ́ńbà sí i.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ojúlówó ìgò tí ohun inú ẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Wọ́n ń ra ìgò òfìfo kiri. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan tí mo ti ń bá dòwò pọ̀ kó páálí kan wá fún mi. Mo yẹ ìgò wò, mo yẹ ìdérí wò, kò sí àléébù. Kọ́sítọ́mà mi ló gbé tiẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé ó ń dá òun lójú pé spírítì ni òun ń fín. Mo dá owó ẹ̀ padà, mo sì jẹ gbèsè ìyókù. Nítorí náà, tí ìgò yín bá ti tán, ẹ fi ìṣó ha orúkọ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tó fẹ́ 5 ml: ẹ ní kí wọ́n fa á látinú ìgò ńlá lójú yín.

Bísí Kẹ́tu
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sínámọ́nì. Ó máa ń bá awọ àwọn kan jà, tèmi wà lára wọn. Mo fín Khamrah sí ọrùn, mo bọ́ sínú oòrùn, ọrùn mi pọ́n, ó ń yún mi di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ fín díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Èmi ń lò ó ṣì, àmọ́ ara aṣọ nìkan ni.

Jídé Ṣurulérè
Wọ́n ní tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Lattafa, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó gbé e sínú wọ́dúróòbù fún oṣù kan kó lè "gbó". Mo ṣe é, ó sì le sí i.

Káyọ̀ Yaba
Bọ̀dá Jídé, mi ò ní jà yín níyàn, ṣùgbọ́n imú yín náà lo oṣù kan yẹn. Ohun tó dá mi lójú ni pé inú wọ́dúróòbù sàn fún un ju orí tábìlì tí oòrùn ń bá lọ. Ẹ má sì gbé e sínú mọ́tò, ẹ má gbé e sí ilé ìwẹ̀. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ba lọ́fíńdà jẹ́.

Jídé Ṣurulérè
Ó ṣáà le sí i.

Àdùkẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Mo ti dé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe bí Màmá Ìbejì ṣe wí. Mo ra 5 ml méjèèjì, wọ́n fà á lójú mi (Àǹtí Sìkírá, ẹ ṣé). Òsì ni Khamrah, ọ̀tún ni Qahwa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ọjọ́ kìíní, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, àfi bíi wákàtí kìíní tí Qahwa ń ta mí nímú. Mo ti fẹ́ wá bú gbogbo yín níbí. Ọjọ́ kejì ni ojú mi là. Mọ́tò há ní Costain, oòrùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ mi, kọ̀ńdọ́ sì ti kó wa mẹ́rin sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ń dùn, ó ń dùn, bí ẹni da oyin sórí dàbínù nínú oòrùn. Ìyá tó jókòó tì mí kọjú sí fèrèsé. Mo gbé ọ̀tún sí imú: ata ilẹ̀ ti lọ, èso ti lọ, ó ku kọfí àti nǹkan kan bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ooru náà, tó sọ Khamrah di kéèkì, ló gbẹ́ adùn ara Qahwa kúrò. Mi ò mọ bí kẹ́mísírì ṣe máa sọ ọ́, ohun tí imú mi gbọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo dénú AC, ọ̀rọ̀ yí padà. Qahwa panu mọ́. Khamrah rọlẹ̀, ó rọra ń jáde nígbàkúùgbà tí mo bá gbé ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo gbọ́ lára ọ̀gá mi kì í ṣe Khamrah nìkan. Khamrah tó ti inú mọ́tò tútù bọ́ sínú ilé tútù ni! Obìnrin yẹn ò tíì gbé e gba Costain rí.

Nítorí náà, Qahwa ni mo máa ra ìgò ẹ̀. Èmi ni mò ń wọ mọ́tò, kì í ṣe ọ̀gá mi. Khamrah 5 ml yẹn ṣì kù tó bíi 40 ìtẹ̀, mo ti gbé e pamọ́ de ìgbéyàwó àbúrò mi. Gbọ̀ngàn tó ní AC ni wọ́n gbà, bí ọyẹ́ bá sì ti dé nígbà yẹn, á tún dáa sí i.

Délé Ìsàlẹ̀ Èkó
Ìyẹn ni pé ẹ ra méjèèjì.

Àdùkẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Délé, mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
O káre, ọmọ mi. Kí ni àwọ̀ aṣọ ẹbí yín? Tó bá jẹ́ léèsì funfun, má fín Khamrah sí i lára rárá o. Fàníla inú ẹ̀ máa ń sọ aṣọ funfun di bíràwùn, omi kì í sì í tètè gbé e kúrò.

Àdùkẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Yéè! Funfun àti wúrà ni, Màmá.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Fín in sí ara kó gbẹ kó o tó wọṣọ. Kí o sì bá mi kí ìyàwó.